Wọ́n Ní Ìwà Mi Ló Ń Fọ́ Mi Lórí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìkòròdú níbí, ẹ ti bi mí léèrè títí bóyá iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ dára láti kọ́ ní yunifásítì. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ráyè, màá dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ̀rín ni màá fi sọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ohun kan sì wà nínú iṣẹ́ yìí tó dùn mí, tí mi ò ní fò dá nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ gba fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Mo kàwé jáde nígbà tí obìnrin tó ń wọn ilẹ̀ ò tíì pọ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú gbà mí, owó oṣù ń wọlé, a jẹun, a rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì kì í sọ ènìyàn di awọnlẹ̀. O gbọ́dọ̀ lọ sin ẹni tó ti ní àṣẹ, kó gbọ̀n ọ́ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, kó tó di pé o lè fi orúkọ ara rẹ sábẹ́ àwòrán ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mo sìn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ wa. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é.

Ọ̀gá kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Àwọn òpó kékeré oníkọnkéré tí a máa ń rì mọ́ igun ilẹ̀, tí ará ìlú ń pè ní bíkìn, olè ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ó sì nídìí. Láti Ìmọta títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ á hú bíkìn, á lọ rì í síwájú díẹ̀, á da ewé gbígbẹ lé e, á sì jókòó tì í bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Ìwọ awọnlẹ̀ tó bá dé, tó o bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n láti ara bíkìn yẹn, o ti bá a jalè láìmọ̀. Nítorí náà òfin Ọ̀gá ni pé bíkìn kì í jẹ́rìí ara rẹ̀. Méjì mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i kí a tó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ṣe, mo gbé ìṣirò mi lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Kò tiẹ̀ wo ìṣirò.

"Ta ló sọ fún ọ pé ibi tí bíkìn yẹn wà ló yẹ kó wà?"

Mo ní, "Mo fojú ara mi rí i, sà."

"O rí i. Bàbá tó jókòó tì í ńkọ́? Ṣé ó kí ọ dáadáa?"

"Ó kí mi, sà."

"Ó fún ọ lágbọn?"

"Ó fún mi, sà."

"Mo mọ̀. Padà lọ."

Mo padà lọ. Bíkìn ti rìn. Ọ̀gá ò bú mi, ó kàn sọ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, mi ò gbọdọ̀ mu omi lọ́wọ́ onílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ọdún tí mo fi sìn ín, bó ṣe ń gbin ìfura sí mi lára nìyẹn, bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́. Pańsá ò fura, pańsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi fura. Mo fura débi pé Bọ̀dá Múfú, ọmọ Ìsẹ́yìn tó máa ń bá mi fa ṣéènì, sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Sọféyọ̀ ló ń pè mí, bí òyìnbó ṣe ń pe awọnlẹ̀.

"Sọféyọ̀, ẹ ti wọn ibí yìí láàárọ̀, ẹ tún ń wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ á sá lọ ni?"

"Ilẹ̀ kì í sá, Bọ̀dá Múfú. Àwọn ènìyàn ló ń gbé e sá."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa rọra o. Lọ́jọ́ kan ẹ ó wọn ìyàwó mi, ẹ ó ní ó ti kúrò láàyè rẹ̀."

Ṣéènì la fi bẹ̀rẹ̀, irin gígùn tí a ń wọ́ gba inú ẹrọ̀fọ̀ àti ẹ̀gún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń ju ìmọ́lẹ̀ sí dígí tí ẹnìkejì gbé dúró lókèèrè, tó ń fúnra rẹ̀ sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, lónìí sì ni dírónù tí ẹ̀yin ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọ̀gá lo gbogbo èyí tó bá láyé, kò sì gba ọ̀kankan gbọ́. Nígbà tó dàgbà, ó fi mí ṣe olórí iṣẹ́ oko: èmi ni màá máa darí ìwọ̀n, èmi ni màá sì máa fọwọ́ sí àwòrán. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó kú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, Délé, tó wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn mi, tí mo fi bí a ṣe ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ hàn, di máníjà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ tí mò ń wọ̀n ni ojú mi wà.

Ó wá di ọjọ́ oko kan lẹ́yìn Ìmọta. Igbó ni, nítorí náà a ní láti la ojú ọ̀nà tóóró kí ẹ̀rọ lè ríran láti igun kan dé èkejì. Òfin kan wà tí Ọ̀gá fi lélẹ̀: bí ojú ẹnìkan bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ, kí àdá ẹnikẹ́ni má kan igi. Gbogbo àwọn tó ń gé igbó mọ òfin náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú mi wà nínú awò ẹ̀rọ, nígbà tí Délé dé pẹ̀lú bàtà dídán, oníbàárà ń dúró dè é nínú ọkọ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Ẹ gé e, ẹ gé e! Ilẹ̀ ń ṣú lọ!"

Máníjà ló sọ̀rọ̀, wọ́n gé e. Ẹ̀ka kan wà tí igi mìíràn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe gé ohun tó dì í mú, ó ta padà, ó sì gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí.

Mi ò dákú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi. Mo jókòó sílẹ̀ láìmọ̀ pé mo jókòó. Bọ̀dá Múfú sáré dé, ó béèrè orúkọ mi, mo sọ. Ó béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́, mo ka nọ́ńbà bíkìn tí mò ń wò fún un. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Délé ní, "Ẹ̀ka lásán ni, mà. Ẹ mu omi díẹ̀." Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọ́fíìsì, ó ròyìn pé ibi tí kò yẹ kí n dúró sí ni mo dúró sí. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni mo dúró sí. Níbo ni awọnlẹ̀ tún ń dúró sí?

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí mi. Wọ́n ní kò sán, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ọpọlọ kàn gbọ̀n ni, kí n sinmi, yóò lọ láìpẹ́. Kò lọ. Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, iná mànàmáná ń gún mi lójú, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ṣe mí bí ẹni pé inú etí mi ni wọ́n gbé e sí. Nọ́ńbà tí mo mọ̀ lórí bí orúkọ ọmọ mi á sá fún mi lẹ́nu.

Mo wá ṣe ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló jẹ́rìí pé orí mi pé, mo lọ sí ibòmíràn, wọ́n tún yà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Mo ní àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀, màá mi orí sọ́tùn-ún, màá mì í sósì, màá tẹjú mọ́ gílóòbù iná, màá ka nọ́ńbà bíkìn kan tó wà lẹ́yìn Èbúté Ìkòròdú, èyí tí mo ti há sórí láti ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́. Bí nọ́ńbà kan bá pẹ́ kó tó jáde, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Bí mi ò bá sì rí ìrora kankan, màá tún orí mì gbọingbọin, kí n lè mọ̀ dájú pé ó ti lọ lóòótọ́. Nígbà yẹn ló máa dé.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Erékùṣù Èkó, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀sán Sátidé kan, mo gbọ́ tó ń sọ nínú kíṣìnnì lórí fóònù pé, "Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ o. Ẹ kàn wá bí ẹni wá kí i."

Mo wọlé bá a. "Kí ni mi ò gbọdọ̀ mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ọpọlọ mi, àbí?"

Ìdérí ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fọkàn balẹ̀, Màmá Tóbi, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó wá bá wa sè oúnjẹ."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àṣírí?"

"Torí o ti ní o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wò ọ́. Ìwọ náà lo sì ní ọbẹ̀ mi ń fọ́ ọ lórí. Èwo ni kí n ṣe?"

Mi ò gbà á gbọ́ títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ìkọ́kọrẹ́ dé láti Ẹ̀pẹ́. Ó dé tán, mo tún ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bóyá ó ti sunkún lọ́nà.

Délé ní kí n lọ rí dókítà tí ilé iṣẹ́ wa ń lò, ọkùnrin kan tó ní ilé ìwòsàn lẹ́bàá àwọn ilé ẹ̀rọ ńláńlá. Ó yẹ̀ mí wò pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí sílẹ̀, ó sì ń dáhùn fóònù láàárín. Ó ní, "Ṣé onírònú ni yín? Ṣé ẹ máa ń fura sí ènìyàn?" Mo dáhùn ní tòótọ́, pé awọnlẹ̀ ni mí, kí ló fẹ́ kí n máa ṣe? Mi ò tíì wọ sálúbàtà mi tán tó fi pe Délé níṣojú mi.

"Kò sí nǹkan tó ṣe orí rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni."

Ẹ wo bó ṣe ṣe ìṣirò náà. Obìnrin yìí máa ń fura. Orí ń fọ́ obìnrin yìí. Nítorí náà ẹ̀ka igi ò gbá a. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá mú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá, màá ya á sí wẹ́wẹ́. Aláìsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa orí ara rẹ̀, máníjà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Délé sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ó pè mí. "Mà, dókítà ní ìwà ni. Kò sóògùn fún ìwà. A ó wá ẹlòmíràn tí yóò máa darí iṣẹ́ oko, ẹ̀yin ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ máa bá wa gbé fóònù."

"Fóònù tó ń dún yẹn ló ń gún mi létí, Délé."

"Ẹ rí i? Gbogbo nǹkan lẹ ń fura sí. Fóònù náà ti di ọ̀tá."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí kò bá darí oko mọ́ kò ní fọwọ́ sí àwòrán mọ́. Àga tí Ọ̀gá fi mí sí, òun ni wọ́n fẹ́ fa jáde lábẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìwà, ni wọ́n sì fi ń fà á. Délé fún mi láyè títí òjò àkọ́rọ̀ á fi kọjá: bí mi ò bá lè darí iṣẹ́ kan láti òkè délẹ̀ nígbà yẹn, ó parí.

Ọkọ mi ló bẹ̀ mí lọ sí ọ̀dọ̀ onímọ̀ ọkàn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Mo kọ̀, mo ní ṣé wèrè ni mí. Nígbà tí mo lọ, mo fi ìborùn bo ojú kí ará Ìkòròdú má bàa rí mi. Dókítà Àìná ni orúkọ obìnrin náà, ènìyàn kúkurú, tó pa iná òrùlé yàrá náà kí n tó sọ pé ó ń gún mi.

Mo ní, "Wọ́n ti ní kí ẹ sọ pé irọ́ ni mò ń pa, àbí?"

"Ta ni wọ́n, mà?"

"Ẹ mọ̀ wọ́n."

"Mi ò mọ̀ wọ́n o. Ẹ bá mi mọ̀ wọ́n."

Mo sọ ọ́ fún un, láti orí Ọ̀gá dé orí ẹ̀ka igi. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ìwà. Iṣẹ́ ló ń béèrè. Ó ní, "Bí ìwọ̀n kan bá kọ yín lóminú, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá tún un wọ̀n."

"Tó bá tún kọ yín lóminú ńkọ́?"

"Màá tún un wọ̀n títí yóò fi pé."

"Orí yín ńkọ́, mà? Báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tí mò ń ṣe láràárọ̀ fún un, orí mímì, gílóòbù, nọ́ńbà. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀ka igi náà gbá yín. Ẹnikẹ́ni tó bá jiyàn ìyẹn ń ṣe yín ní àìdáa. Ọpọlọ tó gbọ̀n máa ń fa orí fífọ́ àti òòyì, ó sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ bí olè, oorun á sá fún un, ọrùn rẹ̀ á le, àyà rẹ̀ á máa já, orí á sì tún fọ́. Ìrora yẹn kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀ka igi kọ́ ló ń gbé e wá mọ́."

"Ẹ̀yin náà ń sọ pé ìwà mi ni."

"Mò ń sọ pé iṣẹ́ yín kọ́ yín ní ohun kan tó dára fún ilẹ̀. Bí ẹ bá wọn ilẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́, ilẹ̀ ò ní mọ̀. Orí mọ̀, mà. Wíwò tí ẹ ń wò ó ń yí i padà."

Inú bí mi délé. Ìṣirò rẹ̀ ló bí mi nínú, nítorí mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ìhà gbogbo, mi ò rí ibi tó ti wọ́. Ó ní kí n jáwọ́ nínú ìdánwò òwúrọ̀. Ó ní kí n máa rìn lọ sí Èbúté nírọ̀lẹ́, kí n máa fi díẹ̀ kún un, bí orí bá ń fọ́ mi níwọ̀nba kí n má tìtorí ẹ̀ padà sílé. Ó sọ àwọn àmì tó yẹ kí n bẹ̀rù: bí mo bá ń bì léraléra, bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, bí oorun bá ń gbé mi lọ láìdáa. Ó ní èyí tí kò bá sí nínú wọn, kí n jẹ́ kó kọjá. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n mo ṣọ́ òun náà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, mo bi í ní ìbéèrè kan náà bí ẹni pé mo ti gbàgbé. Ìdáhùn rẹ̀ kò yẹ̀.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dìde láìmi orí, ńṣe ló dà bíi pé mo fi ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ láìtì. Ó pẹ́ kó tó dẹ̀. Oorun ló kọ́kọ́ padà, ọrùn tẹ̀ lé e, nọ́ńbà sì wá padà nígbà tí mi ò pè é. Kò lọ tán. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Òjò àkọ́rọ̀ ń parí lọ nígbà tí iṣẹ́ kan yọ ní Ẹ̀pẹ́: ilẹ̀ ìdílé lẹ́bàá ọ̀sà, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹ́ pín. Mo ní èmi ni màá darí rẹ̀. Délé ní ó dára, òun náà á sì tẹ̀ lé wa. Mo mọ ìdí tó fi ń bọ̀. Ó dúró sẹ́yìn mi láti àárọ̀. Oòrùn mú, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tán tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

"Mà, ojú yín pọ́n o. Ṣé ẹ ń rí i dáadáa?"

Mo gbé ojú padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Bọ̀dá Múfú gbé dígí dúró lókèèrè, mo pe ìwọ̀n, ó pè é padà fún mi bí a ṣe máa ń ṣe. A lọ láti igun dé igun yí ilẹ̀ náà ká, a padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí awọnlẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé òun ò ṣìnà nìyẹn: kó padà síbi tó ti gbéra, kó wo iye tó fi yẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré, ó wà láàárín ohun tí òfin gbà. Ọwọ́ mi ti ń lọ sára ẹ̀rọ láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo mú un kúrò.

Délé ní, "Ẹ ò ní tún un wọ̀n?"

"Kí ló dé?"

"Rárá o... Mo kàn ní bí orí bá ń fọ́ yín..."

"Orí ń fọ́ mi, Délé. Ìwọ̀n náà sì pé. Bọ̀dá Múfú, ẹ kó ẹrù."

Bọ̀dá Múfú pariwo láti ọ̀hún pé, "Háà, Sọféyọ̀! Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Kí n sáré ránṣẹ́ sílé!"

Délé fi ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tirẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wa. Ó rò pé mi ò rí òun. Ìwọ̀n tí mo rí náà lòun náà rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yìí dára. Á kọ́ yín láti fura, ẹ ó sì nílò rẹ̀, nítorí bíkìn ṣì ń rìn títí di òní. Bí àìsàn bá ṣe yín, tí ẹnìkan sì sọ pé ọkàn yín lọ́wọ́ sí i, ẹ wo ohun tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Dókítà Àìná fi wò mí. Àwọn yòókù fẹ́ fi lé mi kúrò lórí àga. Ẹni méjì ni mo fura sí lọ́dún yẹn, Délé àti orí mi. Lórí Délé, mo jàre.

Nígbà tí àwòrán ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ gbé e wá sí yàrá mi kí n fọwọ́ sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ rí i, mà? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni dókítà ọkàn fi wò yín sàn. Kò fún yín ní hóró oògùn kan. Mo ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe yín."

Mo gbé bírò. Mo ní, "Ẹ̀rù ni dókítà wò sàn lára mi, Délé. Ẹ̀ka igi tó gbá mi kì í ṣe ẹ̀rù, ìwọ lo ní kí wọ́n gé e."

Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ àwòrán náà, mo nà án sí i, mo sì ní kó bá mi pa ilẹ̀kùn dé bó bá ń jáde.